Láti Bouaké sí Èjìgbò: Báwo ni ìwé ìpààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣe lè gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ?

Ní Bouaké, ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣófo lóṣù Kẹsàn-án. Òbí kan ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Abidjan nítorí pé iṣẹ́ ti gbé bàbá lọ síbẹ̀. Òmíràn ti rí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́lé ju ti àtijọ́ lọ. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà fẹ́ dá ọmọ padà sí Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó lè máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn wá bèèrè: ìwé tí yóò jẹ́rìí pé ọmọ yìí kàwé níbí, pé kíláàsì báyìí ló dé, pé máàkì báyìí ló gbà.

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn létí, àmọ́ ìrìnàjò fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù lọ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ akérò ń gbéra láti Côte d'Ivoire, ó ń gba Ghana, Togo àti Benin kọjá, ó sì ń já èrò sílẹ̀ ní Èjìgbò gan-an. Ìwé ọmọ ni kì í bá ọkọ̀ náà rìn dáadáa. Bí òǹtẹ̀ kan bá sọnù, bí lẹ́tà kan nínú orúkọ bá yàtọ̀, tàbí bí akọ̀wé tó wà ní ìhà kejì ẹnubodè kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní troisième, ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́wàá kàwé lè bá ara rẹ̀ nínú kíláàsì ọdún kẹsàn-án.

Àwọn Yorùbá kì í ṣe àlejò àná ní àgbègbè yìí. Ọdún 1912 ni ojú irin tí àwọn Faransé ń là bọ̀ láti Abidjan dé Bouaké, òwò sì tẹ̀lé ojú irin. Àwọn oníṣòwò láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Inísà àti àwọn ìlú mìíràn tẹ̀dó sí ìlú ńláńlá orílẹ̀-èdè náà, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, wọ́n sì sin òkú síbẹ̀. Ní Èjìgbò lónìí, kò yà ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti gbọ́ èdè Faransé láàárín ọjà. Ẹbí tó ní ẹsẹ̀ kan níhìn-ín àti ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún kò lè ṣe kó má ní ọmọ tó ń pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Ìwé wo ni ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fún ọmọ?

Ní Côte d'Ivoire, ìwé àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní certificat de scolarité. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ń fọwọ́ sí i, tó sì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, láti fi hàn pé orúkọ ọmọ náà wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ òun àti kíláàsì tó wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bulletin, ìyẹn àbájáde sáà kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lọ́dún. Ẹ̀kẹta ni livret scolaire, ìwé kékeré tí àwọn olùkọ́ ń kọ ìrìn ọmọ sí láti ọdún dé ọdún. Òbí tó bá gba bulletin ọdún tó kẹ́yìn nìkan, tó fi livret sílẹ̀, ti fi ìtàn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, nítorí ìwé yìí ni àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ ìdánwò baccalauréat máa ń yẹ̀ wò nígbà tí máàkì ọmọ bá ku díẹ̀ kó tó.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ fún ìpààrọ̀ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbà, ọ̀gá ibi tó ń lọ náà gbọ́dọ̀ sọ pé àyè wà. Níbí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ìwé ìjáde, wọ́n á sì wá máa wá ilé ẹ̀kọ́ kiri bí ẹni tó wó ilé àtijọ́ kó tó ra ilẹ̀ tuntun. Ẹni tó mọ ọ̀nà máa ń kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ibi tó ń lọ, lẹ́yìn náà ni yóò kọ lẹ́tà sí ibi tó ń fi sílẹ̀, yóò kọ déètì sí i, yóò sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Lẹ́tà ṣe pàtàkì ju ẹ̀bẹ̀ ẹnu lọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lè yí padà láàárín ọdún, kí ẹni tuntun má mọ ohun tí ẹni àtijọ́ ti ṣèlérí.

Ọ̀rọ̀ tún wà nípa nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní matricule. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Côte d'Ivoire ló ní i, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìyannisílé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, DOB, ló sì ń fúnni. Ìjọba máa ń yan àwọn ọmọ kan sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, tí yóò sì máa san lára owó wọn. Bí òbí bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láìjẹ́ kí àyípadà náà wọ inú ìwé ìjọba, àǹfààní náà lè dúró sí ibi tí ọmọ ti kúrò, kí gbogbo owó sì já lé òbí lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bèèrè ìwé gbọ́dọ̀ bèèrè nọ́ńbà yìí pẹ̀lú, kó sì rí i pé ọ̀kan náà ló wà lórí ìwé gbogbo.

Gbèsè ni ìjà tó wọ́pọ̀ jù. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí òbí jẹ lówó kì í fẹ́ fi ìwé sílẹ̀, ìwé náà sì di ohun ìdógò. Ó yé èèyàn ìdí tí onílé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí olùkọ́ náà ní láti gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n gbèsè jẹ́ ti òbí, máàkì jẹ́ ti ọmọ. Òfin tí Côte d'Ivoire ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ láti ọmọ ọdún 6 sí 16 wà nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún 13 tí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kò fún níwèé, tí ilé ẹ̀kọ́ tuntun kò sì gbà láìsí ìwé, ti bọ́ sí ẹ̀yìn òfin yẹn láìjẹ́ pé òun ló ṣẹ̀.

Ìlú tó mọ ohun tí ìwé ń jẹ́

Ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ ìwé fi ń mú ará Bouaké lára ju ará ibòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀ sí ìjọba Laurent Gbagbo. Wọn kò rí Abidjan gbà, àmọ́ Bouaké bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó sì di olú-ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lára ohun tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà sọ pé ó bí àwọn nínú ni ọ̀rọ̀ ìwé: àwọn ará àríwá àti àwọn ọmọ àtìpó tí wọ́n ń fi ojú àjèjì wò, tí wọn kì í tètè rí ìwé ọmọ onílùú gbà, lábẹ́ èròńgbà tí wọ́n ń pè ní ivoirité. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ nítorí ìwé wá jẹ ìwé run. Wọ́n kó ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ba àkọsílẹ̀ ìbí jẹ́, wọ́n fọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Yunifásítì Bouaké kó lọ sí Abidjan. Ẹ wo ipò tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta wà nígbà náà: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà ní ìlú tó tó nǹkan bíi 350 kìlómítà sí ibẹ̀, níwájú akọ̀wé tó ń bèèrè ìwé ẹ̀rí. Bulletin tàbí káàdì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi sápò nígbà tó ń sá lọ ni gbogbo ohun tó ní. Àwọn ọmọ girama náà sá lọ sí gúúsù, wọ́n sì ń há ara wọn mọ́ inú kíláàsì tó ti kún tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí kò sá lọ kò bọ́ nínú rẹ̀. Olùkọ́ ìjọba ti lọ, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kọ́ni, kíláàsì sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá jẹ́ ti ìjọba, ìjọba kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n sún ìdánwò náà síwájú léraléra, títí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lágbègbè àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó jókòó ṣe ìdánwò tó yẹ kí wọ́n ti ṣe ní ọdún 2004 àti 2005. Ọmọ kàwé, ó mọ̀wé, kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi hàn ní Abidjan, ká má tilẹ̀ tíì sọ ní Nàìjíríà. Bàálù ìjọba tó ju bọ́ǹbù sí Bouaké ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 2004, èyí tó pa ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ará Amẹ́ríkà kan, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló já sí: Lycée Descartes, tí àwọn ọmọ ogun Faransé fi ṣe ibùdó.

Nígbà tí àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé Ouagadougou ní oṣù Kẹta ọdún 2007 fọwọ́ sí i pé kí ilé ẹjọ́ alágbèéká, audiences foraines, máa lọ láti ìlú dé ìlú láti fún àwọn tí kò ní ìwé ìbí ní ìdájọ́ tó lè dípò rẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 2006, ó sì dá ìjà sílẹ̀, nítorí àwọn kan gbà pé ẹni tí wọ́n bá fún ní ìwé ìbí lónìí ni yóò di ìbò lọ́la. Yunifásítì náà padà sí ààyè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2011, lẹ́yìn ìjà tó tẹ̀lé ìdìbò, ìjọba tún ti gbogbo yunifásítì rẹ̀ pa. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣí i padà, orúkọ ti Bouaké sì yí padà sí Université Alassane Ouattara. Ẹni tó bá ń wá àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ láti ìgbà yẹn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ méjèèjì sínú lẹ́tà rẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n.

Ìrántí yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Côte d'Ivoire ṣe òfin mìíràn láti fún àwọn tí wọn kò kọ ìbí wọn sílẹ̀ ní àǹfààní láti gba ìwé, ìdí kan sì ni pé ọmọ tí kò ní ìwé ìbí máa ń kọsẹ̀ nígbà tí ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá dé. Nínú ẹbí àtìpó, ó wọ́pọ̀ kí òbí máa sún ọ̀rọ̀ ìwé ìbí síwájú títí ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ náà sì ni yóò hàn pé ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fi ojú àánú gbà wọ́n wọlé ni.

Lẹ́tà tó ń dín, kíláàsì tó ń ka ẹ̀yìn

Bí ìwé bá pé ní Bouaké, ogun kejì ṣì wà ní Ọ̀ṣun. Orúkọ ni ó ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Akọ̀wé tó gbọ́ Faransé máa ń kọ Múrítàlá Ajíbádé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Mouritala Adjibadé. Ṣìkírù á di Chikirou. Bí ọmọ bá dé Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tí wọ́n kọ Muritala Ajibade sí, ẹni méjì ni ó dà lójú ọ́fíìsì. Ohùn kan náà ni, ẹnu kan náà ló ń pè é, àmọ́ lẹ́tà kò gbọ́ ohùn. Ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ó sì sàn kí ó ti wà nínú fáìlì kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè.

Kíláàsì ló tẹ̀lé e. Nàìjíríà ń ka kíláàsì girama lọ sókè, láti JSS1 dé SS3. Ètò Faransé ń kà á bọ̀ wálẹ̀: sixième ni ìbẹ̀rẹ̀, ó di cinquième, quatrième, troisième, kí ó tó kan seconde, première àti terminale. Ọdún méje ni, nígbà tí ti Nàìjíríà jẹ́ mẹ́fà. Ọmọ tó parí troisième, tó sì ní ìwé ẹ̀rí BEPC, ti fi ọdún mẹ́wàá kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bíi ti ẹni tó parí SS1. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí "3" lára ìwé rẹ̀ lè rò pé JSS3 ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó fi ọmọ sí ibi tó rò pé ó tọ́ kò ṣe é níkà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni, àti pé ìwé tí wọ́n gbé wá bá a wà ní èdè tí kò gbọ́.

Máàkì ló ń dun ọmọ jù. Nínú ètò Faransé, ogún ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n, mẹ́wàá ló sì jẹ́ àṣeyege. Ẹni tó bá gba 12 nínú 20 nínú ìdánwò baccalauréat ti gba ìyìn, 14 jẹ́ iṣẹ́ tó dára gan-an, 16 ṣọ̀wọ́n. Bí akọ̀wé ní Nàìjíríà bá kàn fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, 12 á di 60, 14 á di 70, ọmọ tó wà lára àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì rẹ̀ á sì dà bí ọmọ tó kàn ń gbìyànjú. Ìdí nìyí tí lẹ́tà kúkurú kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Bouaké, tó sọ ipò tí ọmọ gbà láàárín iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, fi lè ṣiṣẹ́ ju ojú ìwé mẹ́wàá tí wọ́n túmọ̀ lọ. Ipò náà wà lórí bulletin tẹ́lẹ̀. Àwọn òbí ni kì í sábà tọ́ka sí i.

Ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ ògbufọ̀ tó ti búra, ẹ̀dà ìwé sì gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ tó fi hàn pé ó bá ojúlówó mu. Ó ń náni lówó. Ẹni tó ti fi owó ọkọ̀ pamọ́ lè má ti ro ti èyí mọ́ ọn.

Ojú tí Nàìjíríà fi ń wo ìwé ilẹ̀ òkèèrè

Nǹkan tún le sí i láti ọdún 2024. Ní òpin ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian, Umar Audu, fi hàn bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Cotonou láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ dúró lórí yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní irú ìwé ayédèrú bẹ́ẹ̀ ju 22,000 lọ. Wọn kò dárúkọ Côte d'Ivoire nínú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ìwé tó wà ní èdè Faransé, tó ti òkèèrè wá, kì í rí ojú rere lọ́fíìsì Nàìjíríà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó sì kàwé rẹ̀ lóòótọ́ ní Bouaké ń san gbèsè ẹni tó ra tirẹ̀ ní Cotonou.

Èyí ló mú kí ọ̀nà tí ìwé ń gbà rìn ṣe pàtàkì báyìí. Níbi tí yunifásítì kan bá ti ń bá yunifásítì mìíràn sọ̀rọ̀, àṣà tó fìdí múlẹ̀ ni pé kí àkọsílẹ̀ máàkì lọ láti ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì láìgba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ àti òbí ṣì ni aṣojú, wọ́n gbé ìwé sínú báàgì bí ẹni gbé ẹyin. Ojúṣe tó yẹ kó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ méjì ti di ti ìyá kan tó ń ta aṣọ. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìtẹ́wọ́gbà ìwé ẹ̀rí ara wọn ní ọdún 2003, àdéhùn UNESCO fún Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Addis Ababa ní ọdún 2014 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Àdéhùn Addis Ababa, ọ̀rọ̀ àwọn tó ti dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ló gbé. Ọmọ ọdún 12 tó ń kúrò ní cinquième kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tó tún wá kù díẹ̀ kó dé ni ìpinnu ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pé láti sáà ẹ̀kọ́ 2026/2027, ilé ẹ̀kọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tuntun sí SS3 mọ́. Màgòmágó ìdánwò ni wọ́n fẹ́ fi dènà, nítorí àwọn tó máa ń sáré pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ nínú WAEC. Àmọ́ òfin náà kò ya ọmọ tó ń sá tẹ̀lé ìwé oríire sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó ń ti Bouaké bọ̀. Ọmọ tó parí seconde, tó ti kàwé ọdún mọ́kànlá, yóò ní láti tún SS2 ṣe. Ẹni tó parí première, tó ku ọdún kan péré kó ṣe baccalauréat, yóò fi ọdún méjì mìíràn jókòó kó tó kan WAEC. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sàn kó dúró gba baccalauréat rẹ̀ kó tó gbéra. Ẹni tó parí troisième ló lè kọjá láìpàdánù ọdún, bí wọ́n bá fi í sí SS2 ní ọdún tó dé gan-an, nítorí WAEC yóò bèèrè máàkì tó ń gbà nínú kíláàsì ní SS1, SS2 àti SS3. Ti SS1 yẹn, inú bulletin mẹ́ta troisième rẹ̀ ni yóò ti wá, oṣù Keje sì ni ó rọrùn jù láti gbà wọ́n ní Bouaké, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ìsinmi.